Kádígàn tó ṣò lára fún ìgbà ìwọ́wé

Àbúrò mi, o ní o ń wá kádígàn tó ṣò dáadáa, tí kò sì wọ́n, kí òtútù London tó wọlé. Má tíì ra tuntun. Ya ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bí Oxfam tàbí British Heart Foundation, òkìrìkà ibẹ̀ dára gan-an. Ka àkọlé inú kádígàn náà: èyí tí wúùlù (irun àgùntàn) pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń móoru jù. Akíríìlì, òwú àtọwọ́dá, rọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kì í pẹ́ yọ kókó wẹ́wẹ́ lábíyá. Gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ihò sí i lára. Fa ẹnu ọwọ́ rẹ̀; bí kò bá padà sípò, fi sílẹ̀. Tí o bá fọ̀ ọ́, jọ̀wọ́ má fi kọ́ rárá! Tèmi tí mo fi kọ́ gùn dé orúnkún bẹ́ẹ̀. Orí táwẹ̀lì ni kí o tẹ́ ẹ sí.