Ṣé wọ́n ń gbé omi ilé ìwẹ̀ GeoSea ní Iceland kaná ni, àbí ó ń gbóná fúnra rẹ̀?

Ó ń gbóná fúnra rẹ̀ ni: ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú omi òkun tí wọ́n ń lò ní GeoSea, nílùú Húsavík ní àríwá Iceland, gbóná kó tó dé inú adágún ìwẹ̀.

Omi tí wọn yóò fi máa mú ilé móoru ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn níbẹ̀, àmọ́ omi iyọ̀ ni wọ́n bá pàdé, kò sì ṣeé fà gba inú páìpù ilé. Àwọn ará ìlú kò jẹ́ kó ṣòfò: wọ́n gbé àgbá ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 2018 ni GeoSea ṣí.

Omi náà kì í ju nǹkan bíi 38 sí 39°C lọ. Ó ń ṣàn wọlé, ó sì ń ṣàn jáde sínú òkun láìdúró. Ìyawọlẹ̀ omi Skjálfandi lèèyàn ń wò látibẹ̀, wọ́n sì máa ń rí àbùùbùtán nígbà ooru, bí ojú ọjọ́ bá gbà. Dandan ni kéèyàn kọ́kọ́ bọ́ra sílẹ̀ pátápátá, kó sì fi ọṣẹ wẹ̀, kó tó wọ ṣòkòtò ìwẹ̀.