Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìtọ́jú Ìbọn Tí A Fi Ń Fín Ọ̀dà Adáàbòbò

Lẹ́tà mẹ́rin ni a fà yọ fún abala yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ìbọn tí a fi ń fín ọ̀dà adáàbòbò, ìyẹn ọ̀dà tí a fi ń bo irin kí omi, iyọ̀ àti kẹ́míkà má baà jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, ohun kan náà ni mo ń bá pàdé nínú gbogbo wọn: ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ ni ìbọn ọ̀dà ti máa ń bàjẹ́, nígbà tí ó ti rẹ òṣìṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Tí mo bá ti parí iṣẹ́, ńṣe ni mo máa ń ri gbogbo ìbọn mi sínú garawa tínà, ìyẹn omi tí a fi ń fọ ọ̀dà, á sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi ti ń jò nídìí abẹ́rẹ́, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣí ọ̀nà ọ̀dà tí ó sì ń dí i, ó sì ń tu ọ̀dà jáde bí ẹni ń tutọ́. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló fi àṣà yìí kọ́ ọmọ iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ìmọ́tótó ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ òun gan-an ló ń ba ìbọn yín jẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ìbọn yín: ọ̀dà ń gba ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń gba èkejì, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé títí wọn yóò fi dé ẹnu ìbọn. Nígbà tí ẹ bá ri gbogbo rẹ̀ sínú tínà mọ́jú, tínà tí ó ti pò mọ́ ọ̀dà yóò wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Bí tínà náà bá sì gbẹ, ọ̀dà yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀, yóò sì le koko. Lẹ́yìn èyí, tínà yóò fọ òróró kúrò lára abẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì, wáṣà rírọ̀ tí ó yí abẹ́rẹ́ ká yóò sì gbẹ, yóò súnkì. Ibi tí wáṣà bá ti súnkì ni ọ̀dà ń gbà jò síta, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọ ọ̀nà ọ̀dà, èyí tí ó jẹ́ kí ìbọn máa tutọ́. Àrùn méjèèjì tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ lè má ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kán òróró bíi ẹ̀kán méjì sórí wáṣà náà, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fa tírígà bí ẹ ṣe ń fún un. Bí jíjò bá dáwọ́ dúró, tí abẹ́rẹ́ sì ṣì ń lọ bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún un jù, abẹ́rẹ́ kò ní lè padà sí àyè rẹ̀ mọ́, ọ̀dà yóò sì máa kán láti ẹnu ìbọn. Tí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ wáṣà náà. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi pátápátá, ẹ wò ó bóyá ẹnu ìbọn dẹ̀, tàbí bóyá ihò kékeré tí ó wà lórí ìdérí ife ọ̀dà ti dí, nítorí àwọn náà máa ń jẹ́ kí ìbọn tutọ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ da ọ̀dà tí ó kù nù kúrò nínú ife, ẹ bu tínà mímọ́ sí i, kí ẹ fín in sínú garawa títí ohun tí ń jáde yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú ìdérí afẹ́fẹ́, ìyẹn ìdérí oníwo méjì tí ó wà níwájú, àti ẹnu ìbọn, àwọn nìkan ni kí ẹ sì rì sínú ife tínà kékeré. Ẹ fa tírígà mọ́ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń tú ẹnu ìbọn àti nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kí abẹ́rẹ́ má baà họ inú rẹ̀. Ara ìbọn fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ju àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí tínà lè ṣàn jáde níwájú. Ẹ wá kán òróró sí abẹ́rẹ́, sí ọ̀pá fáàfù afẹ́fẹ́ àti sí orígun tírígà. Òróró tí kò ní sílíkóònù nínú ni mo ń sọ, nítorí díẹ̀ nínú sílíkóònù tó láti mú kí ọ̀dà máa sá kúrò lójú irin, kí ó sì di ihò wínníwínní káàkiri.

Ìbéèrè: Ọ̀dà tí ìbọn mi ń fín ti tẹ̀ bí oṣù tuntun. Mo ti fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gún gbogbo ihò iwájú rẹ̀, síbẹ̀ kò yí padà. Ṣé kí n ra ìbọn mìíràn ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má tíì rà á. Ẹ fín ọ̀dà díẹ̀ sára páálí, kí ẹ wo ìhà tí ó tẹ̀ sí. Ẹ wá yí ìdérí afẹ́fẹ́ po ní ìlàjì òbìrí, kí ẹ tún fín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí títẹ̀ náà bá yí sí ìhà kejì, ìdérí afẹ́fẹ́ ni ó ní àbùkù. Bí ó bá dúró síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ẹnu ìbọn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì ti rí i tí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó tí kò yẹ.

Ní ti ìṣó, ó dùn mí pé ẹ ti lò ó. Ihò tí ó wà lórí ìwo méjèèjì ìdérí afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n pàtó, atẹ́gùn tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ló sì ń tẹ ọ̀dà pẹlẹbẹ láti ọ̀tún àti láti òsì. Bí ìṣó bá fẹ ọ̀kan lójú díẹ̀, ìhà kan yóò lágbára ju èkejì lọ títí láé, kò sì sí fífọ̀ tí ó lè tún un ṣe. Ẹ gbé ìdérí náà sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà ló dì síbẹ̀, ẹ ó rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irin. Ẹ rì í sínú tínà kí ó rọ̀, kí ẹ sì fi igi ìtayín yọ ọ́. Bí ihò náà bá mọ́ ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ti họ, tí kò rí róbótó mọ́, ìdérí nìkan ni kí ẹ rà.

Ìbéèrè: Epoxy alágolo méjì ni mò ń fín. Mo lọ jẹun, nígbà tí mo dé, ọ̀dà ti le nínú ìbọn. Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí n máa fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Láti ìgbà tí ẹ bá ti po hádínà, ìyẹn agolo kejì tí ń mú kí ọ̀dà le, mọ́ ọn ni àkókò rẹ̀ ti ń kà, yálà ó wà nínú garawa, nínú rọ́bà tí ọ̀dà ń gbà kọjá, tàbí nínú ìbọn. Ìwé tí ó bá ọ̀dà wá yóò sọ iye àkókò tí ẹ ní àti ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju èyí tí wọ́n kọ lọ, ẹ kà á sí pé àkókò yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìlàjì. Mo rọ̀ yín kí ẹ fọ ìbọn kí ẹ tó lọ jẹun, kódà bí ó bá ku ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lórí ìwé, nítorí epoxy tí ó ti dì kì í gbọ́ tínà mọ́.

Tínà tí olùṣe ọ̀dà náà dárúkọ ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi èyí tí ó ní klórínì nínú, irú bíi methylene chloride, fọ ìbọn tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, nítorí òun àti alumíníọ́mù lè jà nínú ohun tí agbára há mọ́, kí ó sì bú gbàmù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà síńkì ni ẹ ń fín, ẹ máa rò ó láì dáwọ́ dúró: eruku síńkì wúwo, kíá ló máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ rọ́bà tí ẹ bá ti dúró, á sì dí i pa.

Ìbéèrè: Ìbọn tí kò lo afẹ́fẹ́ ni a ń lò níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi ìka nu imú ìbọn náà nígbà tí ó dí, ẹ̀rọ sì ṣì wà ní títàn. A jágbe mọ́ ọn. Ṣé ewu ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Báwo ni a sì ṣe ń mọ̀ pé imú ìbọn ti jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ jágbe mọ́ ọn. Irú ẹ̀rọ yìí lè ti ọ̀dà jáde pẹ̀lú agbára tí ó tó 3,000 psi (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ. Ọ̀dà náà yóò gún awọ ara, yóò sì tàn kálẹ̀ nínú ẹran ara, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lóde kò ní ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ dunni ní wákàtí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ti pàdánù ìka nítorí pé wọ́n rò pé kékeré ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn tí ó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ọ̀dà àti ti tínà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó wọ ara.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan imú ìbọn, kí ó ti tírígà pa, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó ṣí tírígà, kí ó sì fín èyí tí ó kù sínú garawa onírin, kí irin ara ìbọn fara ti etí garawa náà gírígírí. A so garawa náà mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà kí iná mànàmáná ara má baà ta, kí ó sì ràn mọ́ tínà. Lẹ́yìn náà ni yóò ti tírígà pa padà, tí yóò ṣí fáàfù ìdasílẹ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ kí agbára tí ó kù lè jáde, tí yóò sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Asẹ́ tí ó wà nínú ọwọ́ ìbọn náà gbọ́dọ̀ di yíyọ àti fífọ̀ lójoojúmọ́. Òun ló máa ń dí kí imú tó dí.

Ní ti jíjẹ, nọ́ńbà ara imú ìbọn ni yóò sọ fún yín. Bí ó bá jẹ́ 517, ẹ sọ 5 di ìlọ́po méjì: ọ̀dà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 10 bí ẹ bá fín in láti ínṣì 12 sí ojú iṣẹ́, nígbà tí 17 jẹ́ ìwọ̀n ihò rẹ̀, ìyẹn 17 nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì kan. Bí imú ṣe ń jẹ, ihò ń tóbi, fífẹ̀ ọ̀dà sì ń dín kù, ọ̀dà púpọ̀ yóò máa ṣàn sójú kan, yóò sì nípọn jù níbẹ̀. Ẹ fín ìlà kan sára páálí ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi imú tuntun sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí ẹ̀rọ wà. Ní òwúrọ̀ gbogbo, ẹ fín òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ínṣì 10 náà bá ti di 7 ààbọ̀, ẹ yọ imú náà kúrò.