Omi ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo: ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi fọ ẹnu

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Mo ka ìbéèrè yín pé ẹ ń kó àwọn ọmọ àti bàbá wọn bọ̀ láti Jámánì wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní òtẹ́ẹ̀lì ṣeé mu, àti ohun tó fà á tí èyí tí ẹ tọ́ wò nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn fi ń ṣe bí irin lẹ́nu. Kò ṣeé mu. Kò tiẹ̀ ṣeé fọ ẹnu. Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí, mo sì fẹ́ràn ìlú aró yìí gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, àlejò ni mo jẹ́ bíi tiyín, díẹ̀ ló sì kù kí n sin ọmọ síbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọkùnrin mi nígbà náà. Ìbàdàn la ti wọkọ̀ wá. Òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí mọ́ tónítóní, táìlì ń dán, omi ibẹ̀ sì mọ́ gaara. Mo ra àpò omi inú ọ̀rá kan fún mímu, mo gbà pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ohun tí mi ò rò ni pé ọmọdé tó ń fọ ẹnu kì í tu omi yẹn dànù tán. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń gbé e mì.

Lóru ọjọ́ kẹta ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, èébì tẹ̀lé e. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì ní ọbẹ̀ ibi tí a ti jẹun ni. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pọ̀n ọ́n, ọ̀kadà gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi mú ìwé jáde: táífọ́ọ̀dù, wọ́n fi àmì àròpọ̀ méjì sí i. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa lọ, ká padà wá lálẹ́ gba òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí, torí mi ò fẹ́ kí ẹ bá irú rẹ̀ pàdé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ó ṣì ń sunkún. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omi ò jáde lójú rẹ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Mo fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà sípò. Mo gbé e sáré padà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ mi. Dókítà ò dìde lórí àga. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́." Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ ní kí n má fún un lómi, pé bó bá mu ún, yóò tún bì í ni. Mo gbà á gbọ́. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni mi ò fi fún ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Títí dòní, bí mo bá rántí bó ṣe ń wo ife tó wà lórí tábìlì, ọkàn mi á gbọgbẹ́.

Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ níwájú òtẹ́ẹ̀lì ló gbà wá. Kò béèrè ohun tí ilé ìwòsàn wí. Ó wo ọmọ náà, ó ní, "Ṣé ó tọ̀ lónìí?" Mi ò mọ èsì tí mo máa fọ̀, torí láti àárọ̀ kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Ó já omi inú ọ̀rá méjì sínú abọ́ tó mọ́. 50cl ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ lítà kan. Ó bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i, ó ń fi ìka gé orí ṣíbí kó lè tẹ́jú, ó wá bu iyọ̀ ìlàjì ṣíbí yẹn. Ó ní kí n máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, kí n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òru la fi ṣe é. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tó tọ̀ sí mi láṣọ. Ìtọ̀ náà ò kún àtẹ́lẹwọ́, ẹkún ni mo bú sí.

Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ o, iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé. Ẹ ra ORS alápò kékeré, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò pọ̀ fún pípò mọ́ omi, dání láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi oògùn zinc kún un. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó fún ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru.

Ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù yẹn náà ń bí mi nínú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni dókítà mìíràn là á yé mi pé àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal máa ń kéde táífọ́ọ̀dù lára ẹni tí kò ní in, nítorí ara ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ yìí ti bá kòkòrò náà tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ pàdé rí. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ló ṣeé gbára lé. Síbẹ̀, ẹni tí orí bá ń fọ́ báyìí, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n máa kọ fún un. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi wọ́n pé àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe.

Nígbà tí ọmọ gbádùn tán, mo ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn gbé àkàbà fún mi. Mo gun un lọ wo táǹkì omi wọn. Ìdérí táǹkì ti fọ́, ohun aláwọ̀ ewé ń yọ̀ lára ògiri rẹ̀ nínú, òkú aláǹgbá sì léfòó lójú omi. Omi tó mọ́ gaara nísàlẹ̀ nìyẹn o. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọ́n ní táǹkì aládàáni kò kàn wọ́n, kí n lọ sí òmíràn. Òmíràn ní kí n lọ sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta ní kí n kọ lẹ́tà, kí n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Mo kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí àwọn tó mọ̀wé bá ń sọ pé wọ́n ń tọ́jú omi ìlú. Òótọ́ ni, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Láti Ẹdẹ ni omi ìjọba ti ń wá sí Òṣogbo, láti ara odò Erinlẹ̀ tí wọ́n sé, wọ́n sì ń fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà kì í wá lójoojúmọ́. Bí páìpù bá ti ṣófo, ibi tó bá ti jò á máa fa ìdọ̀tí ilẹ̀ wọlé, bí wọ́n bá tún wá ṣí omi, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan. Òtẹ́ẹ̀lì púpọ̀ kì í tiẹ̀ dúró de omi ìjọba, omi borehole, ìyẹn kànga jíjìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́, ni wọ́n ń fà sókè sínú táǹkì. Borehole tàbí kànga tó bá sún mọ́ ṣálángá tàbí sọ́kàwè, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣàn sí, ẹ mọ ohun tó máa ń bá a wọlé.

Ẹ dákun, mi ò gbọdọ̀ gbàgbé odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí Arugbá bá ti dé bèbè odò, ẹ máa rí èrò tí ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi, tí àwọn mìíràn ń mu ún lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ti ba odò náà jẹ́ láti òkè, ó ti pọ́n bí amọ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn bàjẹ́, ó dùn mí dé egungun. Ẹ má sì rò pé ẹ lè sè é. Iná ń pa kòkòrò, kò lè lé òjé tàbí mákíúrì kúrò nínú omi. Àwọn ọmọ yín lè wo odò, kí wọ́n má bu ún mu.

Omi inú ọ̀rá: ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti orúkọ ilé iṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ ra á ní ibi tí oòrùn ò pa á. Ẹ ṣan igun ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín já a, ọwọ́ mélòó ló ti kọjá lára rẹ̀. Yìnyín inú zobo tí wọ́n ń tà létí títì, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin béèrè adùn omi, èmi ti ń sọ nǹkan mìíràn. Èyí tó ń ṣe bí irin lẹ́nu, omi borehole ló sábà máa ń jẹ́. Irin inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bu ú sínú abọ́ funfun, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n nísàlẹ̀, irin nìyẹn. Ó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́, ṣùgbọ́n irin yẹn kọ́ ló dá ọmọ mi dùbúlẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bíi bílíìṣì, omi ìjọba ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, òórùn náà á lọ. Adùn kò ní sọ fún yín bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi, kò ní òórùn, kò ní adùn kankan.

Fún fífọ ẹnu, ẹ se omi nínú kẹ́tù tó wà ní yàrá, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ẹ bò ó kó tutù. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ ní kí wọ́n mú bàbá ìbejì lọ wo ìdérí táǹkì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì mìíràn.