Ṣé "tẹjú mọ́" ni focus nínú èdè Látìnì?

Arábìnrin kan bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí olùkọ́ wọn sọ, pé "tẹjú mọ́ nǹkan" ni focus láyé àwọn ará Róòmù. Rárá o! Ó máa ń bí mi nínú bí wọ́n bá gbé ìtumọ̀ àná kọ́ ará àtijọ́ lọ́rùn. Ààrò ni focus. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ Lares, àwọn òrìṣà ilé wọn. Iná gan-an, ignis ni.

Báwo wá ni orúkọ ààrò ṣe padà di orúkọ iná? Ohun tí mo dì mú ni pé àwọn tó ń dáná ló yí i padà, kì í ṣe akọ̀wé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àjàṣẹ́, ìyá àgbà a máa fi eérú bo ògúnná mọ́lẹ̀ lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò á gbé àpáàdì dé láti fọnná, ìdí ààrò wa ni wọ́n sì máa ń kọrí sí tààrà. Ibi tí èèyàn bá ti ń rí nǹkan lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí orúkọ ibẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ nǹkan náà.

Bí focus ṣe gba ipò ignis lẹ́nu ará ìlú nìyẹn. Ó di fuoco ní Ítálì, fuego ní Sípéènì, fogo lọ́dọ̀ àwọn Potogí, foc ní Ròmáníà, feu ní Faransé. Ignis ò bímọ kankan lẹ́nu ará ọjà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló padà lọ hú u jáde nínú ìwé.

Síbẹ̀ ààrò ò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1328, nígbà tí wọ́n ka ìdílé nílẹ̀ Faransé, feu ni wọ́n kà: ààrò kan, ìdílé kan. Láti ara focaris, ohun tó jẹ mọ́ ààrò, ni Sípéènì ti rí hogar, ilé tí èèyàn ń padà sí. Ẹ má jẹ́ kí h yẹn rú yín lójú, bẹ́ẹ̀ náà ni farina, ìyẹ̀fun, ṣe di harina lẹ́nu wọn. Búrẹ́dì focaccia, ọmọ ààrò lòun náà.

Ti olùkọ́ yẹn ò ju àná lọ. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ló mú focus wọ inú ìṣirò ní 1604, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Ojú ibi tó pè ní focus ni dígí tó tẹ̀ ti ń kó ìtànṣán oòrùn jọ títí nǹkan á fi gbiná. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí ojú àti ọkàn.

Ọmọ ọmọ mi ń dúró níbi feu rouge, iná pupa tó ń dá ọkọ̀ dúró, ní Kútọnu lójoojúmọ́. Mo bi í pé kí ni ààrò, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí.