Ní Ifẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ọjọ́ kan á tó ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín ní Ilé-Ifẹ̀, á tó, tí ẹ ò bá ti ṣe bíi tèmi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ lọ, kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti sáré dé ibi mẹ́fà. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé kí la wá lọ wò gan-an. Mi ò rí èsì fún un. Ó dùn mí wọra.

Ìta Yemòó, ibi àwárí àtijọ́ kan nínú ìlú, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lóṣòó. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti ohun tó lé ní 600 ọdún. Wọn ò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ o. Wọ́n nà án ró ni, ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn, tó jẹ́ pé etí àfọ́kù ìkòkò nìkan ló yọjú. Ọmọ mi obìnrin na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, ó ka mọ́kànlá lórí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn ará Ifẹ̀ á sọ fún yín nípa Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, tó fi ní kí wọ́n tẹ́ àpáàdì sílẹ̀. Ilẹ̀ yìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tún ṣe láti kọ́lé ní 1957 tí wọ́n fi kan ère idẹ Ọọ̀ni àti ayaba tó kọ́ra wọn lápá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938: ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ tí àwọn orí idẹ fi jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ tó wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ má wo gbogbo ère. Ẹ mú ẹyọ kan nínú àwọn tó ní ìlà lójú, kí ẹ dúró tì í títí ẹ ó fi rí ìlà tín-ín-rín tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe gbogbo wọn ní idẹ: bojú tí à ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, Ọọ̀ni àtijọ́ kan, bàbà ni, bàbà sì nira láti dà ju idẹ lọ nítorí kì í ṣàn dáadáa. Ọwọ́ tó ṣe é mọṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ ti wà ní British Museum ní London láti 1939. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ilẹ̀ tó ti jáde nígbà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ sídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Kí àwọn ọmọ fojú tọ ìṣó irin ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.