Bátìrì ló máa ń kú, kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì: sí ẹni tó béèrè nípa sólà abúlé

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yé mi. Abúlé ìyá yín tó nǹkan bí ogójì ilé, kò sí òpó iná ọba kankan níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ abúlé ti dá owó díẹ̀ jọ, ẹ wá ń béèrè bóyá sólà ńlá kan ni kí ẹ rà tí gbogbo ilé á máa fa iná lára rẹ̀, tàbí kí ilé kọ̀ọ̀kan ní kékeré tirẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnjiníà kankan fi òyìnbó da ọkàn yín rú.

Sólà ńlá kan yẹn ni wọ́n gbé wá fún wa ní Ìbàràpá. Agbaṣẹ́ṣe ìjọba kọ́ yàrá páànù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Baálẹ̀, ó to bátìrì olómi sínú rẹ̀, ó fa wáyà lọ sójúlé-ojúlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n gé rìbọ́nù, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ìyá wa jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bi ẹnjiníà wọn pé ta ni yóò máa bu omi sí àwọn bátìrì yìí. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé bátìrì tó máa lo ọdún mẹ́wàá ni. Bátìrì olómi, nínú yàrá páànù tí kò ní fèrèsé, nínú oòrùn ilẹ̀ wa! Ooru kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́, omi inú rẹ̀ máa ń gbẹ, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná sì lè gbiná tí kò bá ríbi jáde. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná mọ èyí, ó sì yẹ kó sọ ọ́ fún wa.

Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé kò sí ẹni tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Gílóòbù méjì-méjì ni wọ́n ṣírò fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbé tẹlifíṣọ̀n wá, òmíràn gbé fíríìjì kékeré wá láti fi ta omi tútù. Bátìrì olómi tí wọ́n bá ń fà kọjá ìdajì lálaalẹ́ kò lè pẹ́. Tí a bá fi ẹ̀rọ wọn agbára iná inú bátìrì 12 fóòlítì tó kún tó sì sinmi, ó máa ń wà ní 12.6 tàbí 12.7 fóòlítì; tiwa ń já sí 11 kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná tó ń dé ìdájí tẹ́lẹ̀ wá ń kú lóru, nígbà tó yá ó ń kú kí wọ́n tó kírun Ìṣáì.

Ẹ wá wo ìrìn tí a rìn. Ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ ní Àbújá ló gbé e jáde. A kọ lẹ́tà sí Àbújá, wọ́n ní ká lọ gba lẹ́tà wá láti ìjọba ìbílẹ̀. Nọ́ńbà agbaṣẹ́ṣe kò lọ mọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Nígbà tí wọ́n rán ẹnì kan wá níkẹyìn, ó wo bátìrì, ó ní àwa la lò ó nílòkulò, ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, ó lọ. Àwọn arúgbó dúró lóòrùn láti gbọ́ ohun tó máa sọ, kò tilẹ̀ kí wọn pé ó dàbọ̀. Inú mi ò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà dòní. Pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tó ń sọ oòrùn di iná, ṣì wà lórí òrùlé, kò bàjẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì gidi ń lò ju ogún ọdún lọ. Bátìrì ló kú, kò sì sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ pamọ́ fún òmíràn.

Àtùpà alágolo la padà sí. Ẹnì kan ra kẹrosíìnì tí wọ́n ti lú pẹtiróòlù mọ́, àtùpà náà sì gbiná mọ́ ọmọ àbúrò mi lọ́wọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ò nà tán mọ́. Ẹ gba èyí lẹ́nu mi bí ẹ ò tiẹ̀ béèrè: tí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe omi dídì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo pupa. Ẹyin ni wọ́n fọ́ sí ti ọmọ wa kí n tó dé. Ẹ dà omi sí i, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò tàbí olè. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ló máa ń bá wọn.

Ẹ jẹ́ n padà sí ohun tí ẹ máa rà. Gílóòbù LED méjì, 3 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá tàn wọ́n fún wákàtí márùn-ún, nǹkan bí 30 wáàtì-wákàtí ni wọ́n máa jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 10 wáàtì lè mú bí 40 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run bá ṣú ní oṣù keje sí ìkẹjọ, kò ní tó. Ẹ ra 20 wáàtì. Bátìrì tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára ni kí ẹ béèrè, oríṣi bátìrì lithium kan ni, kò fẹ́ omi, ó sì lè gba iná kó tún lò ó tán ju ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà lọ. Ẹ má gba bátìrì ọkọ̀. Láti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe láti tan gílóòbù mọ́jú. Àwọn àtùpà ọjà tí wọ́n kọ 20,000mAh (ìyẹn iye iná tí wọ́n ní bátìrì rẹ̀ lè gbà) gàdàgbà sí lára, tí wọ́n sì fúyẹ́ bí ìwé, bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ẹ wo ìkànnì VeraSol, àwọn sólà kéékèèké tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Kí ẹ tó ra ti ogójì ilé, ẹ ra ti ilé mẹ́ta, kí wọ́n fi la àkókò òjò kọjá.

Gbígbé e sókè kò le: kó kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, kí igi má ṣíji bò ó, kí ẹ so bátìrì mọ́ kọ́ńtírólà, àpótí kékeré tó ń ṣọ́ iná tó ń wọ bátìrì, kí ẹ tó so pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa nu eruku rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Mo rí i pé ẹnì kan ní kí ẹ lo ìgò omi tí wọ́n ń kì bọ inú ihò òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè gba inú rẹ̀ wọ yàrá, bí mẹkáníìkì kan, Alfredo Moser, ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Brazil lọ́dún 2002. Ó dára fún yàrá tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Lálẹ́, kò lè tan ohunkóhun.

Ẹ má fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá. Ní Bangladesh, ètò tí IDCOL, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń yáni lówó, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003 gbé sólà dé ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onílé sì san án, àwọn tó gba owó náà ló padà wá ń tún un ṣe. Owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fi ra kẹrosíìnì lóṣù, ẹ gba ìdá kan nínú rẹ̀ fún bátìrì ọjọ́ iwájú, kó wà lọ́wọ́ obìnrin tí gbogbo abúlé fọkàn tán, kí wọ́n máa ka ìwé rẹ̀ sókè nípàdé. Obìnrin náà ni kí ẹ kọ́ ní àtúnṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Barefoot College ní Tilonia, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ti kọ́ àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀ tí wọ́n sì ń tún sólà ṣe, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà kì í fi abúlé sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ tiwa ti wà ní Èkó, iṣẹ́ inverter ló ń ṣe fún àwọn olówó níbẹ̀.

Ẹ gba wáráńtì bátìrì lákọsílẹ̀ lórí rìsíìtì, pẹ̀lú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ yín dé. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má sanwó fún un.