Ayàwòrán ló ya ayàwòrán: kí ni ká pè é?

Ẹnì kan béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo rí fọ́tò kan tí August Sander, ará Jámánì, yà ní 1926. ‘Maler’ ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ‘vintage’ ni. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ‘ayàwòrán’ ló ń wá sí mi lẹ́nu fún ẹni tó yà á àti ẹni tí wọ́n yà. Ṣé a ò ní ọ̀rọ̀ méjì ni?”

A ní i, àmọ́ ẹ má tíì lé “ayàwòrán” dànù. Yà kan náà la fi ń sọ iṣẹ́ méjèèjì: ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì ń ya àwòrán, ẹni tó gbé kámẹ́rà ń ya àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ pààlà sáàárín wọn, ẹ pe Sander ní ayafọ́tò tàbí fọ́tógíráfà, kí ẹ fi ayàwòrán sílẹ̀ fún ẹni inú fọ́tò. Ẹ ṣáà má pè é ní péńtà o! Ẹni tó ń kun ilé ni péńtà. Maler tàwọn ará Jámánì lè jẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán tàbí ẹni tó ń kun ilé.

Ẹni inú fọ́tò náà ni Anton Räderscheidt, ayàwòrán ìlú Köln. Títì tó dá páropáro ló dúró sí, ó wọ kóòtù dúdú, ó dé fìlà roboto tí wọ́n ń pè ní bowler. Kò mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò sí kánfáàsì nítòsí. Ká ní wọn ò kọ Maler síbẹ̀ ni, akọ̀wé báńkì lẹ̀ bá pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, torí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gan-an, tó gan bí igi, tó dé irú fìlà yẹn, láàárín ìlú tó dá páropáro, lòun náà ń yà sórí kánfáàsì láwọn ọdún yẹn. Ó rìn wọ inú àwòrán ara rẹ̀, Sander wá bá a níbẹ̀. Ta wá ni ayàwòrán nínú wọn? Ọ̀rọ̀ wa tó kó méjèèjì pọ̀ kò ṣìnà rárá.

Ní ti Maler tó ṣáájú orúkọ, ìlànà Sander nìyẹn. Ó ń to àwọn èèyàn Jámánì sí ìpín méje: àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, obìnrin, àwọn òṣèré àti ayàwòrán, àtàwọn mìíràn. Iṣẹ́ ló fi ń pe ọ̀pọ̀ wọn. Àwa tá à ń pe Bàbá Télọ̀ àti Ìyá Alákàrà mọ irú ìpè yẹn dáadáa. Àmọ́ tiwa máa ń jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: Àyàn wà lórúkọ ọmọ onílù, Ọnà wà lórúkọ ìdílé oníṣẹ́ ọnà. Ẹ wo Àìná Onabolu, ayàwòrán tó máa ń ya ojú èèyàn l’Ékòó nígbà ayé rẹ̀. Orúkọ tiwa ń sọ ọmọ ẹni téèyàn jẹ́. Ti Sander ń sọ ìpín tó bọ́ sí.

“Vintage”? Fọ́tò tí ayafọ́tò fúnra rẹ̀ fọ̀, tàbí tí wọ́n bá a fọ̀, láìpẹ́ sígbà tó yà á. Lẹ́yìn ikú Sander ní 1964, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọ fọ́tò látinú nẹ́gẹ́tíìfù tó kù; wọ́n dára, àmọ́ wọn kì í ṣe vintage. Mo ní “tó kù” torí pé ní 1946, iná jó nǹkan bí 30,000 nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ ní Köln. Ṣáájú ìyẹn, ní 1936, ìjọba Násì ti ba àwọn páànù tí wọ́n fi tẹ ìwé àwòrán rẹ̀ ti 1929 jẹ́. Ìdí nìyẹn tí owó èyí tó ti ìgbà ayé rẹ̀ wá fi ń ga.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: “Ayàwòrán (Anton Räderscheidt), 1926. August Sander ló yà á. Ìgbà náà ni wọ́n fọ̀ ọ́.”